Láti Àárín Àpáta Ṣábẹ dé Etí Òkun

Bí a bá béèrè lọ́wọ́ ọmọ Ṣábẹ pé kí ni ó pa òun àti òkun pọ̀, èsì tí ó sábà máa ń jáde ni pé ọ̀rọ̀ òkun kò kan ará òkè. Ilẹ̀ Oníṣábẹ wà láàárín odò méjì, Ọ̀pàrà ní ìlà-oòrùn àti Wẹ̀mẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn. Àpáta ni ó dúró ti ìlú lẹ́yìn, títí tí àwọn Faransé fi fi ọmú obìnrin wé àwọn òkè náà, tí orúkọ náà sì mọ́ wọn lára. Láti ibẹ̀ dé etí òkun ní Kútọnù tó bíi 250 kìlómítà. Ọ̀pọ̀ àgbà ni ó gbó, tí ó tọ́, tí ó sì kú sí Sakin láìfi ojú rí omi iyọ̀.

Síbẹ̀, ọ̀nà méjì ni òkun gbà wọ inú ìtàn Ṣábẹ. Èkíní dùn-ún gbọ́. Nínú ìtàn tí Samuel Johnson kọ sínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1921, àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ Ọ̀kànbí méje ni ó pín ogún bàbá wọn. Ọba Bìní gba owó, Ọ̀ràngún Ìlá gba àwọn ìyàwó, Oníṣábẹ gba màlúù, Olúpópó gba ìlẹ̀kẹ̀, Olówu gba aṣọ, Alákétu gba adé; ilẹ̀ nìkan ni ó kù fún Ọ̀rányàn. Etí òkun ni Pópó wà. Ẹni tí ó jókòó ti omi iyọ̀ àti ẹni tí ó jókòó sáàárín àpáta, ọmọ ilé kan náà ni ìtàn yìí pè wọ́n.

Ọ̀nà kejì kò dùn-ún sọ. Ní ayé Gezo, tí ó jọba Dàhòmì láti 1818 sí 1858, àti ní ayé ọmọ rẹ̀ Glele, tí ó jọba títí di 1889, ogun Dàhòmì wọ ilẹ̀ Ṣábẹ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá gun orí òkè. Ẹni tí kò lè sá ni a dè lókùn. Àgbómẹ̀ ni a kọ́kọ́ ń kó wọn lọ, nítorí ọba ni ó ni ìkógun, ibẹ̀ ni a sì ti ń pín wọn: àwọn kan fún ẹbọ, àwọn kan fún oko àti iṣẹ́ ààfin, àwọn mìíràn fún àwọn oníṣòwò ní Ouidah, ìlú tí àwọn Fọ̀n ń pè ní Glexwe. Bí a bá sọ pé ẹni tí a so lọ́rùn ń rin kìlómítà 25 lójúmọ́, ìrìn láti Ṣábẹ gba Àgbómẹ̀ dé etí òkun kò lè dín ní ọjọ́ mẹ́sàn-án, kí a má tíì ka ọjọ́ tí wọ́n lò ní àtìmọ́lé.

Ìtàn kejì yìí ni bàbá àgbà kan, ọmọ bíbí Sakin, lọ fi han àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ mẹ́ta ní òpin ọ̀sẹ̀ kan nínú oṣù kẹfà, ọdún díẹ̀ kí iṣẹ́ àtúnṣe ńlá tó bẹ̀rẹ̀ nínú ilé odi àwọn Potogí ní Ouidah. Ọmọkùnrin rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Kútọnù. Àkọ́bí àwọn ọmọ náà jẹ́ ọmọkùnrin ọdún mẹ́sàn-án, obìnrin tí ó tẹ̀lé e pé mẹ́fà, àbíkẹ́yìn ṣẹ̀ṣẹ̀ pé mẹ́rin. Faransé ni wọ́n ń sọ ní ilé ìwé, Fọ̀n ni wọ́n ń sọ ní àgbàlá, èdè Ṣábẹ ni wọ́n fi ń kí bàbá àgbà lórí fóònù. Ìyá wọn, ọmọ Àgbómẹ̀ ni.

Orí fóònù yẹn ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí àkọ́bí ti kí i tán, ó béèrè pé, “Bàbá àgbà, ṣé òótọ́ ni pé àwọn ènìyàn màmá ni ó ta àwọn ènìyàn wa?” Ọmọ kan ni ó fi ọ̀rọ̀ náà bú u níbi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Bàbá àgbà kò dá a lóhùn. Ó ní kí ó fún bàbá rẹ̀ ní fóònù, ó sì sọ fún ọmọ rẹ̀ pé òun ń bọ̀ ní ọjọ́ Jimọ̀, kí ó wá ọkọ̀ tí yóò gbé gbogbo ilé lọ sí Ouidah.

Gbogbo ilé ni ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó dúró di oṣù kẹjọ, nígbà tí òjò máa ń sinmi díẹ̀ ní etí òkun. Oṣù kẹfà ni òjò ibẹ̀ le jù. Ọ̀nà a di odò, ọmọdé a sì máa tètè mú òtútù. Bàbá àgbà dáhùn pé, “Àwọn tí wọ́n fà lọ síbẹ̀, ṣé wọ́n dúró de ẹ̀ẹ̀rùn?” Òtítọ́ ni pé ẹ̀ẹ̀rùn gan-an ni Dàhòmì máa ń jagun, nígbà tí odò bá fà tí ọ̀nà sì gbẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tí a bá mú nínú ẹ̀ẹ̀rùn lè wà ní àtìmọ́lé ní Ouidah títí òjò yóò fi dé bá a, nítorí ọkọ̀ ojú omi kì í dé ní àkókò tí ẹnikẹ́ni bá dá. Nítorí náà àgbàlagbà náà kò ṣìnà jìnnà, kò sì sí ẹni tí ó já a níyàn.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ilé odi ni wọ́n kọ́kọ́ wọ̀. Àwọn Potogí ni ó kọ́ ọ ní 1721, wọ́n sì sọ ọ́ ní São João Baptista da Ajudá. Ọdún mẹ́fà péré lẹ́yìn náà, ní 1727, ogun Agaja ọba Dàhòmì kó Ouidah, ìlú náà sì di ẹnu ọ̀nà Dàhòmì sí òkun. Ògiri funfun, àgbàlá gbòòrò, àwọn ìbọn ńlá tí ìpatà ti jẹ: òjò ń ṣàn lára gbogbo wọn. Àwọn ọmọ gun ìbọn kan bí ẹni gun ẹṣin, ìyá wọn ní kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, bàbá àgbà ní kí ó fi wọ́n sílẹ̀. Ohun tí ó wọ àkọ́bí lọ́kàn jù ni ìtàn bí àwọn Potogí ṣe fi ibẹ̀ sílẹ̀. Títí di 1961, nígbà tí Dàhòmì ti gba òmìnira lọ́wọ́ Faransé, ilẹ̀ kékeré tí odi náà wà lórí rẹ̀ ṣì jẹ́ ti Potogí. Nígbà tí ìjọba tuntun ní kí wọ́n kó ẹrù wọn, aṣojú Potogí tí ó kẹ́yìn níbẹ̀ ti iná bọ ilé náà kí ó tó lọ. “Ó sun ilé ara rẹ̀?” ni ọmọ náà ń tún béèrè. Kò yé e. Ní 1967 ni a sọ ahoro náà di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé.

Nínú ilé náà ni wọ́n ti rí àwọn àwòrán tí Pierre Verger yà ní Bahia àti ní ilẹ̀ yìí. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́fà dúró pẹ́ níwájú wọn. Ó fẹ́ mọ ìdí tí àwọn ará Brazil fi ń wọ ìlẹ̀kẹ̀ bí ìyá àgbà ní Sakin. Bàbá rẹ̀ ṣàlàyé fún un pé ní Brazil, Nagô ni wọ́n ń pe àwọn ọmọ wa, pé orúkọ náà kò yàtọ̀ sí Ànàgó tí àwọn Fọ̀n ń pe gbogbo ẹni tí ó bá ń sọ Yorùbá. Bàbá àgbà gbọ́ èyí, inú rẹ̀ kò sì dùn tán. Ó ní Nàgó jẹ́ orúkọ tí a sọni lẹ́yìn ilé ẹni. Ẹni tí ó kúrò ní Ṣábẹ, tí ó kúrò ní Kétu, tí ó kúrò ní Ìdáàsà, gbogbo wọn ni a dà sínú agbọ̀n kan. Nínú ìwé àwọn oníṣòwò, iye ni a máa ń kọ, a kì í kọ orúkọ ìlú. Bíi mílíọ̀nù kan ènìyàn ni a kó gba Ouidah kọjá, ṣùgbọ́n kò sí ojú ìwé kan tí ọmọ Sakin lè ṣí kí ó sì rí orúkọ ilé rẹ̀.

Kí a má purọ́, ilé àwọn erè ni àwọn ọmọ fẹ́ràn jù lọ́jọ́ náà. Ilé òrìṣà erè yìí kọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ìlú náà gan-an. Àbíkẹ́yìn jẹ́ kí wọ́n gbé erè kan kọ́ ọ lọ́rùn, ó sì dúró gbọnin bí ọba tí ó wọ ìlẹ̀kẹ̀.

Òjò kò dá ní òru. Ilé àlejò tí wọ́n sùn sí ní òrùlé páànù, ẹni méjì tí ó bá ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá ìjókòó níláti gbé ohùn sókè díẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ sùn tán ni ìyá wọn wá kúnlẹ̀ níwájú bàbá ọkọ rẹ̀.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Mo mọ̀ pé ohun tí ẹ máa sọ lọ́la, òótọ́ ni yóò jẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá padà délé, èmi ni n ó máa wẹ̀ fún wọn, èmi ni n ó máa bu oúnjẹ fún wọn. Mi ò fẹ́ kí ọmọ mi máa wo ọwọ́ mi bí ọwọ́ ẹni tó so bàbá yín.”

“Ìyàwó mi, ọwọ́ rẹ kò so ẹnikẹ́ni.”

“Mo mọ̀, Bàbá. Ṣé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án mọ̀?”

Àgbàlagbà náà dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ó ti to ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti Sakin wá, ọ̀rọ̀ náà kò sì ní àyè fún obìnrin tí ó kúnlẹ̀ yìí. Ó wá béèrè pé, “Kí ni o fẹ́ kí n fi sílẹ̀, nígbà náà?”

“Ẹ má fi nǹkan kan sílẹ̀, Bàbá. Bí a bá dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan àwọn bàbá mi, ẹ jẹ́ kí èmi ni kí n sọ ọ́.”

Ó ní ó dára, kí ó dìde, kí ó lọ sùn.

Ọ̀nà ẹrú bẹ̀rẹ̀ láàárín ìlú, nítòsí ilé àwọn de Souza, ìdílé Francisco Félix de Souza tí a ń pè ní Chacha, ọ̀rẹ́ Gezo àti oníṣòwò ẹrú, tí ó kú ní 1849. Láti ibẹ̀ dé etí òkun fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà mẹ́rin. Ẹsẹ̀ ni bàbá àgbà ní kí wọ́n fi rìn ín. Ọ̀nà pupa náà ti di ẹrẹ̀, àwọn ọlọ́kadà tí a ń pè ní zémìjàn ń ta omi sí wọn lára, bàbá gbé àbíkẹ́yìn sí èjìká. Lẹ́bàá ọ̀nà ni àwọn ère tí Cyprien Tokoudagba ṣe wà, ọmọ Àgbómẹ̀ tí a gbé iṣẹ́ náà fún nígbà àjọ̀dún Ouidah 92. Ìyá ni ó mọ ìtumọ̀ àwọn ère náà. Ó kọ́ àwọn ọmọ ní àmì àwọn ọba: ẹfọ̀n ni ti Gezo, kìnnìún ni ti Glele, àkùrákùdà inú òkun ni ti Gbẹ̀hanzin. Inú rẹ̀ dùn bí ó ti ń kọ́ wọn. Ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn, nítorí ẹwà iṣẹ́ ọwọ́ ìlú rẹ̀ ni. Bàbá àgbà ń gbọ́, ó ń tẹ ọ̀pá rẹ̀ mọ́ ẹrẹ̀. Ọ̀nà kan tí ẹrú Ṣábẹ tọ̀, tí ó jẹ́ pé àmì ọba tí ó mú un ni ó tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: ohun tí ń bẹ lójú rẹ̀ kò ṣòro láti kà.

Wọ́n dé ibi tí a ń pè ní Igi Ìgbàgbé. Wọ́n ní ọkùnrin a yí i po nígbà mẹ́sàn-án, obìnrin nígbà méje, kí wọ́n lè gbàgbé ilé àti orúkọ wọn. Àwọn òpìtàn kan kò gba ìtàn yìí gbọ́, nítorí wọn kò bá a nínú àkọsílẹ̀ ayé ìgbà náà. Àwọn ọmọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í sá yí ibẹ̀ po, wọ́n ń kà á sókè. Bàbá àgbà kò dá wọn dúró. Nígbà tí wọ́n mí hẹlẹ, ó bi wọ́n pé, “Ẹ ti gbàgbé orúkọ yín bí?” Wọ́n pariwo pé rárá. Ó ní, “Àwọn náà kò gbàgbé.”

Ó wá sọ ìtàn Kossola fún wọn. Ní 1860, ọdún méjìléláàádọ́ta lẹ́yìn tí Amẹ́ríkà ti fi òfin de kíkó ẹrú wọlé, ọkọ̀ ojú omi kan tí ń jẹ́ Clotilda gbé àádọ́fà (110) ènìyàn láti Ouidah lọ sí Mobile ní ìpínlẹ̀ Alabama. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà nínú wọn tí ń jẹ́ Kossola, tí àwọn òyìnbó wá ń pè ní Cudjo Lewis. Ogun Dàhòmì ni ó mú un ní ìlú rẹ̀. Sylviane Diouf, tí ó kọ ìwé lórí àwọn ènìyàn Clotilda ní 2007, tọ́ka sí agbègbè Bantè gẹ́gẹ́ bí ilé rẹ̀. Ta ni kò mọ Bantè? Ẹkùn Collines kan náà ni Bantè àti Ṣábẹ wà lónìí. Nígbà tí òǹkọ̀wé Zora Neale Hurston lọ bá a ní 1927, arúgbó náà ṣì ń sọ ti ilé, bàbá àti ìyá rẹ̀, ti òfin ìlú àti bí ogun ṣe wọlé ní ìdájí. Ó kú ní 1935. Ìwé tí Hurston kọ láti ẹnu rẹ̀, Barracoon, kò jáde títí di 2018. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e ni àwọn onímọ̀ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ahoro ọkọ̀ tí a rí nínú odò Mobile, Clotilda ni. Àwọn tí ó bá a wọ ọkọ̀ ra ilẹ̀ lẹ́yìn ìtúsílẹ̀, wọ́n tẹ ìletò kan dó, wọ́n sì sọ ọ́ ní Africatown. Bí igi bá ń mú ni gbàgbé, ta ni yóò sọ gbogbo èyí?

Ní Zoungbodji, níbi tí ìrántí wà fún àwọn tí ó kú kí ọkọ̀ tó dé, òjò tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n sá sábẹ́ àtíbàbà obìnrin kan tí ń din àkàrà. Ibẹ̀ ni àkọ́bí ti béèrè, ẹnu rẹ̀ kún fún àkàrà gbígbóná: “Ta gan-an ni ó so wọ́n?”

Bàbá àgbà wo ìyàwó ọmọ rẹ̀. Obìnrin náà nu ọwọ́ rẹ̀, ó sì sọ ọ́ ní èdè Fọ̀n, kí ó lè yé wọn dáadáa.

“Àwọn ọmọ ogun ọba wa ni, ọba Àgbómẹ̀. Ọkùnrin wà nínú wọn, obìnrin náà wà nínú wọn. Bàbá ńlá mi lè wà nínú wọn. Òyìnbó ń rà, ọba ń tà, ó ń fi owó rẹ̀ ra ìbọn, ó sì ń fi ìbọn náà mú àwọn mìíràn. Ohun tí wọ́n ṣe kò dára.”

Kò sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni ọmọbìnrin ọdún mẹ́fà béèrè, pẹ̀lú ohùn kékeré, “Màmá, ṣé ẹ máa tà wá?”

Ìyá náà la ẹnu, ohùn kò jáde. Bàbá àgbà ni ó dáhùn: “Bí ó bá tà yín, ta ni yóò máa sá lọ ra ẹ̀kọ fún mi bí mo bá wá sí Kútọnù?” Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín, ìyá náà rẹ́rìn-ín tí omi sì bọ́ lójú rẹ̀, oníàkàrà pẹ̀lú rẹ́rìn-ín, kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Nígbà náà ni àgbàlagbà náà sọ ohun tí ọ̀pọ̀ àgbà kì í sọ níwájú àna. Ó ní kí wọ́n má rò pé ọwọ́ Ṣábẹ mọ́. Ṣábẹ náà jagun, Ṣábẹ náà ní ẹrú. Nínú agbo ilé wọn ní Sakin, àwọn kan wà tí bàbá ńlá wọn kò ti ibẹ̀ wá. “Àwọn náà ní ibi tí a ti mú wọn.” Ó sọ èyí fún àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n ìyá wọn ni ó ń wò.

Nígbà tí wọ́n kọjá ọ̀sà tí wọ́n sì dé etí òkun, òjò ti dá. Ẹnubodè Àìpadàbọ̀, tí a ṣí ní 1995, dúró lórí iyanrìn, àwọn tí a fi ẹ̀wọ̀n dè tò lọ sí ọ̀nà òkun lára rẹ̀. Ère Egúngún wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bàbá àgbà sì ṣí fìlà. Ìgbì ibẹ̀ kì í ṣe ìgbì tí ọmọdé ń wẹ̀ nínú rẹ̀. Àkọ́bí béèrè ibi tí àwọn ọkọ̀ ojú omi máa ń dúró sí, wọ́n sì ṣàlàyé fún un pé kò sí èbúté níbẹ̀ rí. Ọkọ̀ ńlá a dúró sí òkèèrè, ọkọ̀ ọpọ́n a gbé ẹrù àti ènìyàn la ìgbì kọjá. Àwọn atukọ̀ tí ó mọ iṣẹ́ náà ni a ń mú wá láti apá Elmina, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Gánà báyìí. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ọpọ́n ni ó dojú dé. Ará òkè tí kò rí omi tí ó ju odò Wẹ̀mẹ̀ lọ, báwo ni ìgbì yìí yóò ṣe rí lójú rẹ̀?

Àwọn ọmọ ti rí akàn. Bí wọ́n ti ń lé wọn, bàbá àgbà na ọ̀pá sí ìwọ̀-oòrùn, ó ní apá ibẹ̀ ni Pópó wà, ó sì sọ ìtàn ogún Ọ̀kànbí fún wọn, ti màlúù àti ti ìlẹ̀kẹ̀. Ọmọbìnrin náà gba ìlẹ̀kẹ̀. Àkọ́bí ronú díẹ̀, ó ní, “Màlúù tiwa wá dà?” Bàbá rẹ̀ ní àwọn Fúlàní ni kí ó lọ bi.

Ohun kan ṣì kù tí àgbàlagbà náà sọ fún àwọn àgbà nìkan, nígbà tí àwọn ọmọ jìnnà díẹ̀. Ẹnubodè yìí kò sọ gbogbo ìtàn Ṣábẹ. Láàárín ọdún 1860 sí 1870 ni òwò ẹrú sí òkè òkun parí ní Ouidah. Àwọn tí Gezo mú lè wọ ọkọ̀. Àwọn tí Glele mú lẹ́yìn náà kò rí òkun rárá. Oko ọ̀pẹ ni a kó wọn sí ní ilẹ̀ Àgbómẹ̀, nítorí epo ni òyìnbó ń rà nígbà náà. Nígbà tí àwọn Faransé gba Àgbómẹ̀ ní oṣù kọkànlá 1892, ọ̀pọ̀ ẹrú gba òmìnira, wọ́n sì mú ọ̀nà ilé pọ̀n. Báyìí ni Kétu, tí Dàhòmì pa run ní 1886, ṣe tún di ìlú. Ṣùgbọ́n obìnrin tí ó ti bímọ sí ilé ẹni tí ó mú un, níbo ni yóò padà sí?

Ìyá àwọn ọmọ kò sọ ohun kan. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ní Kútọnù, ó pe bàbá rẹ̀ ní Àgbómẹ̀. Wọ́n sọ̀rọ̀ pẹ́ ní Fọ̀n. Nígbà tí ó parí, ó wá jókòó ti bàbá ọkọ rẹ̀, ó ní ìyá tí ó bí bàbá-bàbá bàbá òun, Ànàgó ni. Ilé mọ̀, a kàn kì í sọ ọ́ ni. Bàbá rẹ̀ ní kò sí ẹni tí ó bi òun rí. Orúkọ ìlú obìnrin náà kò kù. Ohun tí ó kù ni pé ó máa ń dá nìkan sọ̀rọ̀ ní èdè rẹ̀ bí ó bá ń lọ ata, àwọn ọmọ a sì máa sín in jẹ. Ó lè jẹ́ ọmọ Kétu. Ó lè jẹ́ ọmọ Ìdáàsà. Ó sì lè jẹ́ ọmọ Ṣábẹ. Bàbá àgbà ní kí ó tún un sọ, ó sì tún un sọ.

Àgbàlagbà náà padà sí Sakin pẹ̀lú ìwé àjákọ kan tí ó rà ní ọjà Dantokpa. Ní ìpàdé ẹbí tí ó tẹ̀lé e, ó dá a lábàá pé kí agbo ilé kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ ẹni tí ogun mú lọ, kí àwọn arúgbó tí ó gbọ́ ọ lẹ́nu òbí wọn tó tán. Ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn. Àwọn kan ní ìtìjú ni, a kì í ka ẹni tí a mú lẹ́rú mọ́ ìran. Àwọn mìíràn, tí ọ̀rọ̀ wọn wúwo jù, ní bí a bá ń kọ àwọn tí a mú lọ, láìpẹ́ ẹnìkan yóò béèrè pé kí a kọ àwọn tí a mú wá, ilé yóò sì tú. Ìpàdé méjì ni wọ́n fi jiyàn. Níkẹyìn, wọ́n fẹnu kò pé àwọn tí a mú lọ ni kí ó kọ. Ní ti àwọn tí a mú wá, bí ọmọ wọn bá fẹ́, kí òun fúnra rẹ̀ wá sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bi í. Ó dàbí ẹni pé ìdájọ́ náà kò tó. Síbẹ̀, ó ju ohun tí ó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ lọ. Ní ọdún kìíní, orúkọ mẹ́jọ ni ó wọ inú ìwé náà, márùn-ún jẹ́ ti obìnrin. Ojú ìwé kan wà tí ó fi pẹ́ńsù kọ, tí kò fi bírò kọ, fún obìnrin Àgbómẹ̀ tí kò ní ìlú.

Ní oṣù kìíní, nígbà tí àpáta ti gbẹ, gbogbo ẹbí náà wá láti Kútọnù, wọ́n sì gun òkè Ṣábẹ. Ìyá bá wọn gun un. Bàbá àgbà dúró ní ìsàlẹ̀ nítorí eékún rẹ̀, ó ń fi ọ̀pá júwe ibi tí àwọn ènìyàn sá sí, bóyá wọ́n ń gbọ́ tàbí wọn kò gbọ́. Àbíkẹ́yìn, tí bàbá rẹ̀ tún gbé lé èjìká, kọ́kọ́ fẹ́ mọ̀ bóyá akàn wà lókè.